Ẹ wọn pákó kí ẹ tó dá iye lé iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ lórí igi títẹ́ sílẹ̀ ilé

Oníbàárà tó ti òkè òkun dé lè ní kí ẹ fi pákó tẹ́ ilẹ̀ pálọ̀ òun bíi ti Amẹ́ríkà. Bí iṣẹ́ náà bá dára, yóò mú ẹlòmíràn wá. Bí pákó bá lanu nígbà ọyẹ́, owó àtúnṣe á jẹ èrè yín tán.

Igi wo ló yẹ? Hickory wà lára igi tó le jù tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń tẹ́ ilẹ̀. Wọ́n máa ń fi bọ́ọ̀lù irin kékeré tẹ igi, kí wọ́n lè mọ agbára tó máa rì í dé ìdajì. Ti hickory jẹ́ nǹkan bíi 1,800 pọ́n-ùn. Igi apá tó ń hù ní ọ̀dàn tiwa kò jìnnà sí i. Tíìkì ju 1,000 lọ díẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, hickory a máa wú, a sì máa súnkì gan-an. Apá kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tó o. Arère rọ̀, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má fi tẹ́lẹ̀. Nínú apá àti tíìkì, ẹ gé ibi funfun tó wà lábẹ́ èèpo dànù, ikán ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ to pákó sábẹ́ òrùlé níbi tí atẹ́gùn ń gbà, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàrin wọn. Ẹ máa gbé ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìgbà tí ìwúwo rẹ̀ kò bá dín mọ́ ló tó gbẹ. Kí ó tún sùn nínú yàrá náà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ fi àlàfo ìdajì íńṣì sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, kí pákó lè ráyè wú nígbà òjò.

Ó kan ìṣirò. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ́nà méjèèjì jẹ́ 144. Pákó ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 12 tó fẹ̀ ní íńṣì 12 máa bo 12, ẹ ó sọ pé pákó 12 ti tó. Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n ná! Bó bá jẹ́ íńṣì 11, ẹ nílò ju 13 lọ. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí fífá àti gígé, ó di 15. Ẹni tó dá iye lé 12 ti fi owó pákó mẹ́ta ta oníbàárà lọ́rẹ nìyẹn.

Lákòótán, apá ti ń ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìpàdé àjọ CITES ní Panama fi igi apá ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ ìṣọ́, ẹni tó bá fẹ́ kó o lọ sókè òkun gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Nílé níbí náà, ẹ bèèrè ibi tí wọ́n ti gé e, kí ẹ sì gba rìsíìtì, kí ẹ má baà ra ẹrù igbó ọba tí wọ́n jí gé. Tíìkì ní tirẹ̀, gbígbìn ni wọ́n ń gbìn ín. Ẹni tó bá ní ilẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín fún ọmọ rẹ̀.