Fífọ Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Dúdú Àti Kíkun Ún Ní Ìda

Ní àkókò ọyẹ́, kò sí ọkọ̀ tí eruku tètè ń hàn lára rẹ̀ bí ọkọ̀ dúdú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí ó ni ín yóò bá a bí ẹni pé wọ́n ku ìyẹ̀fun sí i lórí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n mú àkísà gbígbẹ, kí wọ́n nù ún yípo-yípo, kí wọ́n sì wọ inú ọkọ̀ lọ sí ẹnu iṣẹ́. Ọkọ̀ náà a dán títí di ìyálẹ̀ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn ọ̀sán bá tàn sí i, ìlà wẹ́wẹ́ yóò hàn ní gbogbo ara rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Ẹni tí ó ni ín yóò sì rò pé ọ̀dà náà kò dára. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Àkísà òwúrọ̀ ni ó ṣe é.

Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ti ń gbé eruku ọyẹ́ wá, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Èérún yanrìn tí ó le ju dígí lọ wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi àkísà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí káfíńtà tí ń fi pépà oníyanrìn ha pákó.

Ọ̀dà ọkọ̀ òde òní kì í ṣe ẹyọ kan. Orí irin ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń kun ọ̀dà ìpìlẹ̀. Àwọ̀ ni ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi ohun kan tí ó mọ́ gaara bí fáníìṣì bo gbogbo rẹ̀. Fáníìṣì òkè yìí ni ó ń dán. Kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú ogún mìlímítà lọ, èyí tí ó tínrín ju ojú ewé ìwé kan. Kì í hù padà bí awọ ara ènìyàn. Bí ó bá ti tán níbì kan, àfi kí wọ́n tún ọkọ̀ kùn; ẹni tí ó bá sì fẹ́ ta ọkọ̀ tí a tún kùn mọ ìbéèrè tí àwọn oníbàárà máa ń bèèrè: wọ́n á fura pé ó ti ní ìjàǹbá rí, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Fún ẹni tí ó fi owó kòkó ọdún méjì tàbí owó àjọ ra ọkọ̀ tòkunbọ̀, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ọkọ̀ funfun pẹ̀lú a máa há, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ó sì ń bo ìlà náà mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ dúdú ń ṣe bí dígí ni. Ibi tí ó bá há á tan ìmọ́lẹ̀ funfun sí ojú ẹni. Kì í ṣe òní ni ìyọnu yìí bẹ̀rẹ̀: láti ọdún 1914 títí di 1925, àwọ̀ dúdú nìkan ni ilé iṣẹ́ Ford ní Amẹ́ríkà fi ń kun ọkọ̀ Model T rẹ̀.

Nítorí náà, inú fífọ̀ ni iṣẹ́ ńlá wà. Kí ọkọ̀ wà ní ibòòji, kí ara rẹ̀ sì ti tutù kí omi tó kàn án, nítorí pé ara gbígbóná a máa gbẹ omi àti ọṣẹ mọ́ ojú ọ̀dà. Omi púpọ̀ ni kí a kọ́kọ́ dà sí i láìfi ọwọ́ kàn án, kí eruku lè rọ̀ kí ó sì ṣàn lọ. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rọ omi, ike tí a fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ tó fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà ni bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì: ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún omi lásán. Ní gbogbo ìgbà tí aṣọ bá ti nu apá kan, omi lásán ni kí ó kọ́kọ́ wọ̀, kí iyanrìn rẹ̀ jábọ́ síbẹ̀, kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Láti òrùlé ni kí a ti máa bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, kí ọwọ́ máa lọ ní tààrà. Táyà àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni ìkẹyìn, pẹ̀lú aṣọ tiwọn lọ́tọ̀. Fóòmù tí ó bá já bọ́ sílẹ̀ ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà.

Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ni ó dára jù. Ọṣẹ ìfọṣọ a máa bó ìda kúrò, bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ dúdú, nítorí agbára omi eérú tí ó wà nínú rẹ̀. Kẹrosíìnì tí àwọn awakọ̀ kan fi ń nu ọkọ̀ kò yẹ rárá. Dídán rẹ̀ kò ju ti òróró lọ, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Omi kànga ní èròjà tí ń fi àmì funfun sílẹ̀ bí ẹfun bí ó bá gbẹ fúnra rẹ̀. Kí a fi aṣọ ìnura rírọ̀ tètè gbẹ ẹ́. Ìgbẹ́ ẹyẹ ní tirẹ̀ a máa jẹ ọ̀dà, irúgbìn a sì máa wà nínú rẹ̀. Kí a má ṣe fi èékánná ha á, kí a fi aṣọ tútù lé e lórí títí yóò fi rọ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń ka pólíìṣì àti ìda sí ohun kan náà, ìyẹn ni ó sì ń ba ọ̀pọ̀ ọkọ̀ jẹ́. Èérún wẹ́wẹ́ wà nínú pólíìṣì. Ó ń ha fáníìṣì kí ojú rẹ̀ lè tẹ́. Ó ń mú kúrò ni, kì í fi kún un. Ẹni tí ó bá ń lò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ ọ̀dà rẹ̀ tán. Ìgbà tí ìlà bá pọ̀ nìkan ni kí a lò ó, kí a kọ́kọ́ dán an wò ní ibi kékeré, kí a sì ṣọ́ra ní etí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti etí ilẹ̀kùn, níbi tí ọ̀dà ti tínrín. Ìlà tí èékánná bá ti ń kọ́ sínú rẹ̀ ti jìn ju ohun tí pólíìṣì lè wò sàn.

Ìda ni ó ń bo ojú ọ̀dà. Èyí tí a mọ̀ jù ni kánáúbà, láti ara ewé ọ̀pẹ kan tí ń hù ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil, ní àwọn ìpínlẹ̀ bíi Ceará àti Piauí. Ọ̀pẹ náà fi ń dáàbò bo ewé rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn. Ìda rẹ̀ kì í yọ́ títí ooru yóò fi kọjá ọgọ́rin lórí òṣùwọ̀n Celsius. Fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a kùn ún, níbi kan lẹ́ẹ̀kan, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí a tó fi aṣọ mìíràn nù ún. Ìda tí ó pọ̀ kì í dán jù. Iṣẹ́ nínù ni ó ń fi kún. Bí omi òjò bá ṣì ń ṣù lórí ọkọ̀ bí ó ti ń ṣù lórí ewé kókò, ìda wà níbẹ̀. Bí omi bá ń tẹ́ pẹrẹsẹ, àkókò tó láti tún un kùn.

Kí a fọ àwọn aṣọ náà lọ́tọ̀, kí a sì sá wọn sórí okùn, kì í ṣe sórí koríko tàbí ilẹ̀ níbi tí iyanrìn yóò ti tún wọ inú wọn.