Ẹ Fún Ọmọ Ní Téèpù

Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ ti ń tọ́mọ báyìí, kẹ́ ẹ tó sanwó lẹ́sìnnì ìṣirò, ẹ kọ́kọ́ fa téèpù tẹ́ ẹ fi ń wọn aṣọ yọ. Ojú kan jẹ́ ínṣì 60, èkejì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150. Ọmọ yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé ínṣì kan fi díẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ.

Síkẹ́ẹ̀tì tó ń fẹ̀ bí agboòrùn nígbà tọ́mọ bá ń jó ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ ní kó wọn ìbàdí àbúrò rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ ínṣì 22. Kó fi 6.28 pín in, á jẹ́ bí ínṣì 3.5. Ẹ ká aṣọ sí mẹ́rin, kó wọn ínṣì 3.5 yẹn láti igun tó ká pọ̀, kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà rẹ̀ yípo, kó gé e. Bó bá tú aṣọ náà, ihò tó máa gba ìbàdí nìyẹn. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kó kọ́kọ́ gé o, àǹkárá ti wọ́n!

Àwọn tó kéré lè ka bọ́tìnì. Ẹ bi àwọn tó dàgbà díẹ̀ pé: bí gáànù kan bá gba yáàdì kan ààbọ̀, mélòó ni yáàdì 6 máa rán? Ẹ má sì yọ ọmọkùnrin sílẹ̀. Ta ló ń rán agbádá ládùúgbò wa?