Ẹ Yẹ Ìdí Kóńgò Wò Kí Ẹ Tó Gba Iye Gàrí

Irú àwòrán kan wà tó máa ń gba orí WhatsApp kan nígbà tí ọ̀rọ̀ òṣèlú bá gbóná: òpó méjì, ọ̀kan ga fíofío, èkejì kúrú bíi kùkùté. Àwọn kan á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọrọ̀-ajé Nàìjíríà tó bílíọ̀nù 510 dọ́là ní 2013, pé ní 2024 ó ku bílíọ̀nù 243. Wọ́n á ní àwọn kan ti jẹ ìdajì Nàìjíríà tán. Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn ìjọba náà ò ní dákẹ́. Wọ́n á gbé tiwọn jáde: tírílíọ̀nù 80 náírà ní 2013, tírílíọ̀nù 372 ní 2024, ó ti di ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ á wá dìjà láàárín ọmọ ìyá. Bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó purọ́ iye nínú wọn. Orílẹ̀-èdè kan náà ni, ọdún kan náà ni.

Ẹni tó bá ti ra gàrí rí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá alágàrí méjì lè pe iye kan náà, kí ó jẹ́ pé wọ́n ti fi òòlù lu ìdí kóńgò ọ̀kan wọnú. Nínú ìṣirò 2013, bíi náírà 157 ni wọ́n fi ṣẹ́ dọ́là kan; ní 2024 ó ti lé ní 1,500. Kóńgò dọ́là ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n, wọn ò sì wo ìdí rẹ̀. Kóńgò náírà ni ẹgbẹ́ kejì lò, wọn ò sì yọ ọ̀wọ́n ọjà kúrò. Bí búrẹ́dì tí à ń rà bá wọ́n ní ìlọ́po mẹ́rin, ìwé ìṣirò á kọ ọ́ pé owó búrẹ́dì ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò yan ẹyọ kan lé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kò dùn lẹ́nu ẹgbẹ́ kankan: tí a bá yọ ọ̀wọ́n ọjà, ọrọ̀-ajé náà rọra dàgbà, ó súnkì ní 2016 àti 2020, ó tún dìde, ṣùgbọ́n àwọn tí ń jẹun nídìí ìkòkò náà ń pọ̀ sí i.

Kóńgò tún máa ń yí padà lọ́nà mìíràn. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2014, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, tí Yemi Kale ń darí nígbà náà, kéde pé ọrọ̀-ajé 2013 kì í ṣe tírílíọ̀nù 42 tí wọ́n ti ń pè é, pé tírílíọ̀nù 80 ni. Bí Nàìjíríà ṣe fo South Africa kọjá nìyẹn, tó di ti àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà, nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí wọ́n ṣe tọ́, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣì fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò, nígbà tí kò tíì sí GSM, tí fíìmù Nollywood kò tíì dé ọjà. Wọ́n wá gbé ìpìlẹ̀ náà wá sí 2010. Gánà ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú wa, iye tiwọn sì fi bíi 60 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ní oṣù Keje 2025, Nàìjíríà tún un ṣe, 2019 ni ìpìlẹ̀ báyìí, inú ìṣirò tuntun yìí sì ni tírílíọ̀nù 372 yẹn ti wá. Nítorí náà, ẹni tó fi 80 wé 372 ti dá ẹ̀ṣẹ̀ kejì lé ti àkọ́kọ́.

Àwọn ará wa ní Kétu àti Ṣàbẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin, mọ bí iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ owó ṣe ń yí kóńgò padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó CFA sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: 50 ni wọ́n ti ń fi ṣẹ́ owó Faransé kan tẹ́lẹ̀, ó di 100. Ẹni tó bá fi owó òkèèrè wọn ọrọ̀ Benin lọ́jọ́ kejì á ní ìdajì ti lọ. Iṣu oko wọn kò dín ẹyọ kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn tí wọ́n ń kó wọlé wọ́n lóòótọ́.

Báǹkì Àgbáyé mọ àrùn yìí. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ti ọdún kan ṣoṣo ṣẹ́ owó nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ orílẹ̀-èdè tó lówó àti èyí tí kò ní. Ti ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń pa pọ̀. Wọ́n tún ní ìwọ̀n mìíràn tó ń wo ohun tí owó lè rà níbi tí wọ́n ti ń ná an. Ẹ ronú iye orí tí owó tí wọ́n fi gẹ orí kan ní Lọ́ńdọ̀nù lè gẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ má ṣáà mú orílẹ̀-èdè kan láti inú ìwọ̀n yìí, kí ẹ mú èkejì láti inú ìyẹn.

Iye tí mo ti ń pè láti òkè, gbogbo ohun tí wọ́n ṣe jáde lórí ilẹ̀ wa ni, ì báà jẹ́ àlejò ló ni ín. Owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè yàtọ̀: wọ́n á yọ èrè tí ilé-iṣẹ́ epo òkèèrè kó lọ sílé, wọ́n á fi èrè tí tiwa rí lórí ohun ìní wọn lókèèrè kún un. Ní Ireland, ọrọ̀-ajé fò sókè ní ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2015, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kó ohun ìní orí ìwé wá síbẹ̀. Ojú ti àwọn oníṣirò wọn débi pé wọ́n ṣe ìwọ̀n tuntun fún ara wọn. Ohun tó sì máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé owó tí ọmọ yín tó ti fìdí kalẹ̀ ní Peckham ń fi ránṣẹ́ sílé kò sí nínú owó tó ń wọlé yìí. Ẹ̀bùn ni ìṣirò kà á sí.

Ẹ̀yin tí ẹ wá fẹ́ràn láti pín in kan orí kọ̀ọ̀kan, orí mélòó? Ọdún 2006 la ka ara wa kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ìfojúdá ni gbogbo èyí tó kù.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún fi òpó méjì ránṣẹ́ sí yín, ẹ bi í pé èló ni wọ́n ṣẹ́ dọ́là, ọdún wo ni ìpìlẹ̀, ṣé wọ́n yọ ọ̀wọ́n ọjà. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn.