Kí Wọn Kí O Tó Wàásù: Àkọsílẹ̀ Ẹ̀kọ́ lórí Ìjíhìnrere

Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn Kristi
Kíláàsì: JSS 2
Àkókò: Ìṣẹ́jú 40, ẹ̀ẹ̀mejì
Orí ọ̀rọ̀: Bí Ìhìnrere ṣe dé Ìbàdàn àti àwọn abà rẹ̀

Ohun èlò

Bíbélì, àti máàpù tó fi Kúdẹtì, Ìjàyè, Lalúpọn àti Akánrán hàn. Bí kò bá sí máàpù, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yà á sójú pátákó. Ẹ má ṣe gbàgbé ojú irin.

Ìfáàrà

Olùkọ́ béèrè pé: "Kí ló jí yín láàárọ̀ yìí?" Ẹnìkan á ní àkùkọ ni, ẹnìkan á ní ìpè ìrun àsùbá ni, ẹnìkan á sì ní bùrọ̀dá kan tó ń fi mẹgafóònù pariwo pé kí ayé ronú pìwà dà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ni kí olùkọ́ sọ ìtàn tirẹ̀. Tèmi nìyí.

Ọmọ ọdún 22 ni mí nígbà náà. Àwa mẹ́ta la gba ọ̀nà oko lọ sí abà kan lẹ́yìn Lalúpọn, ilẹ̀ kò tíì mọ́. Èmi ni mo gbé mẹgafóònù. Mo ka Mátíù 28, mo wàásù títí ọ̀fun mi fi há. Ìyá àgbà kan ṣílẹ̀kùn, ó fa ìró bo èjìká nítorí òtútù, ó jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí. Nígbà tí mo dánu dúró, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Ẹ ò tíì kí mi o." Mo dọ̀bálẹ̀ tèmi ti mẹgafóònù. Ìgbà yẹn ló wá sọ fún mi pé ọmọ-ọmọ òun, tí ibà kò jẹ́ kó fojú kan oorun mọ́jú, ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni, àfi bí mo ṣe dé.

Ìpìlẹ̀ nínú Bíbélì

Ẹ má pẹ́ níbí, wọ́n ti kọ́ ọ ní JSS 1. Nínú Mátíù 28, Jésù rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 8, ìbéèrè ni Fílípì fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwẹ̀fà ará Etiópíà, inú kẹ̀kẹ́ ọkùnrin náà ló sì jókòó sí. Nínú Jòhánù 4, omi mímu ni Jésù kọ́kọ́ tọrọ lọ́wọ́ obìnrin tó pàdé létí kànga. Ọmọ abà tètè ń rí èyí, nítorí kò sẹ́ni tó lè tọrọ omi lábà lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì kí.

Kúdẹtì, 1851 sí 1869

Ní 1851, David Hinderer, ará Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS (Church Missionary Society) rán níṣẹ́, wọ Ìbàdàn. Ìlú ológun ni, ogun jíjà sì ni iṣẹ́ tó ń gbé ọkùnrin ga níbẹ̀. Ó padà wá ní 1853 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna, ọmọ ọdún 26, wọ́n sì tẹ̀dó sí àdúgbò Kúdẹtì.

Wọ́n ń fẹ́ ọmọ tí wọn yóò kọ́ ní ìwé, àwọn òbí kò sì fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tó bá mọ̀wé á di ojo. Ta ló fẹ́ kí ọmọ òun di ojo ní Ìbàdàn? Olóyè Olúńlóyọ̀ ló kó ọmọ tirẹ̀ méjì sílẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Ilé Anna ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń kàwé níbẹ̀. Orúkọ Yéjídé ṣì wà lára ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Ìbàdàn títí dòní.

Ogun Ìjàyè, láàárín Ìbàdàn àti Ìjàyè, bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, ọ̀nà Abẹ́òkúta sì dí. Owó ẹyọ kò wọlé láti etíkun mọ́, oògùn àti lẹ́tà kò wọlé. Àwọn Hinderer ta ẹrù ilé wọn, títí kan aṣọ ìtẹ́bùsùn, kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè rí nǹkan jẹ. Ebi tó ń pa ará Kúdẹtì ń pa àwọn náà. Ẹ dúró síbí, ẹ béèrè lọ́wọ́ kíláàsì: nínú ọdún ìwàásù àti ọdún ebi, èwo ni ará Ìbàdàn máa rántí? Ẹ má dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lé e lórí.

Láàárín hílàhílo yìí náà ni Hinderer ń túmọ̀ ìwé John Bunyan tí a mọ̀ sí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ó jáde ní 1866. Àìlera lé tọkọtaya náà kúrò ní Ìbàdàn ní 1869, Anna sì kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870. Ìjọ kò tú ká. Daniel Olúbí, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti wà pẹ̀lú wọn látìbẹ̀rẹ̀, ló gba iṣẹ́ náà. Ọmọ kan tó dàgbà sábẹ́ wọn, Samuel Johnson, ló di tíṣà ní Arẹ́mọ ní Ìbàdàn, òun kan náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Bí ẹ bá gbọ́ pé òyìnbó ló mú ìgbàgbọ́ dé Ìbàdàn, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ló gbé e rìn.

Ìjàyè: fún àwọn ọmọ Akínyẹlé

Ìjàyè Òrílé wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé lónìí. Lábẹ́ Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ìlú ńlá ni. Ibẹ̀ ni Thomas Jefferson Bowen, oníwàásù Baptist láti Amẹ́ríkà, tẹ̀dó sí ní 1853, ó sì kọ́ ilé ìsìn. Àwọn CMS náà wà níbẹ̀. Ìbàdàn tú Ìjàyè ká ní 1862, ọ̀pọ̀ ará ìlú sì sá lọ Abẹ́òkúta. Ẹ kíyè sí i pé onígbàgbọ́ wà ní ìhà méjèèjì ogun yẹn. Ọmọ kan bi mí léèrè rí pé ìhà wo ni Ọlọ́run wà. Mo ní kó lọ jókòó. N kò ní ìdáhùn, mi ò sì tíì ní in.

Ọ̀rọ̀ tí a yá

Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown ní January 1844. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ sí Yorùbá jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: wàásù, àdúrà, àlùfáà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ Mùsùlùmí bóyá wọ́n mọ̀ wọ́n. Ẹ óò rí ọwọ́ lókè. Wáàsí tí wọ́n ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí àti ìwàásù tí a ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí kan náà ni wọ́n ti wá, láti èdè Lárúbáwá. Ìsìláàmù ti dé ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú ẹ̀sìn Kristi, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará ilé ti mọ̀ ni Crowther sì fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Láti Kúdẹtì dé oko

Ará Ìbàdàn ní ilé, ó ní abà. Ẹni tó bá gba ìgbàgbọ́ nílé á gbé e lọ sóko, á kó aládùúgbò jọ sábẹ́ igi ní ọjọ́ Ìsinmi. Láti nǹkan bí 1890 ni kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀ lóko Ìbàdàn, onígbàgbọ́ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbìn ín. Ní Agége, lóko J. K. Coker àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní African Church, lébìrà tó lọ ṣiṣẹ́ á padà sílé pẹ̀lú irúgbìn kòkó àti orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì gba Lalúpọn kọjá lọ sí Òṣogbo, oníwàásù àti oníkòkó wá ń jókòó sínú ọkọ̀ kan náà.

Ẹ mẹ́nu ba àwọn ọmọ Josiah Akínyẹlé méjì, onígbàgbọ́ ará Ìbàdàn. Alexander dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, ó sì di bíṣọ́ọ̀bù. Isaac di aṣáájú ìjọ CAC (Christ Apostolic Church), ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964. Baba kan, ṣọ́ọ̀ṣì méjì.

Kí ọmọ kankan má rò pé mo kórìíra ariwo. Agogo ni oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti wa kátapílà ojú ọ̀nà rí, mú lọ́wọ́ nígbà ìsọjí 1930 ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, èrò sì ya lọ bá a láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn aláìsàn ni wọ́n ń wá a lọ. Kò sẹ́ni tó bá wọn nílé, kò sì sẹ́ni tó jí wọn lójú oorun.

Àkíyèsí fún olùkọ́

Abala 38 nínú Òfin orílẹ̀-èdè 1999 fún ènìyàn lómìnira láti di ẹ̀sìn rẹ̀ mú, láti yí i padà àti láti polongo rẹ̀. Ó tún ní kí a má fi ipá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọ Mùsùlùmí tó bá jókòó sí kíláàsì yìí, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni.

Ìṣe nínú kíláàsì

Ọmọ méjì ń bọ̀ lọ́nà oko. Kí wọ́n kí àgbẹ̀ tó ń kọ ebè ("Àrokobọ́dúndé o!"), kí wọ́n kí ìyá tó ń ta iṣu létí títì ("À tà jèrè o!"), kí wọ́n kí onídìrí ("Ojú gbooro o!"). Ẹni tó bá ń wàásù kó tó kí, kó padà sẹ́yìn, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Ìdánwò

1. Kí ló dé tí àwọn òbí Ìbàdàn kò fẹ́ fi ọmọ wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ Kúdẹtì?
2. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta nígbà ogun Ìjàyè, báwo ló sì ṣe kan àwọn Hinderer?
3. Dárúkọ ọ̀rọ̀ méjì tí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jùmọ̀ ń lò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ bi ẹni tó dàgbà jù nílé yín léèrè: ta ló kọ́kọ́ di onígbàgbọ́, tàbí Mùsùlùmí, nínú ẹbí yín? Ta ló bá a sọ ọ́? Níbo ni wọ́n wà, kí ni wọ́n sì ń ṣe lọ́wọ́?

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan kọ ọ́ pé ẹ̀gúsí ni ìyá ìyá-ńlá òun ń bó lọ́jọ́ náà. Àlejò tó yà síbẹ̀ kí i, ó jókòó, ó bá a bó ẹ̀gúsí títí ìdajì apẹ̀rẹ̀ fi tán, kò dárúkọ Jésù rárá. Ìyá náà ló béèrè pé irú ènìyàn wo ni yín? Mo fún ọmọ náà ní 9 nínú 10. Máàkì kan tó kù, àmì ohùn ni kò fi sí i.