Àlùbọ́sà Kọ́ Nìyẹn O

Ẹ̀yin èèyàn wa tó ń gbé nílùú Ọba, tẹ́ ẹ sì ní ọgbà lẹ́yìnkùlé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tó máa ń yọ lóṣù kẹta, daffodil, iṣu rẹ̀ àti àlùbọ́sà jọra bíi Táíwò àti Kẹ́hìndé. Èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó. Tẹ́ ẹ bá là á, ìpele funfun kan náà lẹ máa bá nínú rẹ̀. Májèlé sì ni. Ẹ má sọ pé iná á pa á, nítorí sísè kì í mú májèlé náà kúrò. Lọ́dún 2009, àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Suffolk se ọbẹ̀ ní kíláàsì, iṣu daffodil bá àlùbọ́sà wọ ìkòkò, bí àwọn ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bì nìyẹn.

Ìgbà tá a bá ń pín òdòdó yìí gan-an ni ewu ń wọlé. Tó bá ti di pé ewé nìkan ló ń yọ, tí òdòdó ò tó nǹkan mọ́, àwọn iṣu ti há mọ́ra jù nìyẹn, ó yẹ ká hú wọn ká sì pín wọn. Ẹ fi ewé náà sílẹ̀ kó gbẹ fúnra rẹ̀, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn tí òdòdó bá rẹ̀, torí òun ló ń bọ́ iṣu de ọdún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ (omi ara rẹ̀ máa ń mú kí ọwọ́ yún), kẹ́ ẹ hú u. Èyí tó bá yọ wẹ́rẹ́ ni kẹ́ ẹ pín. Ẹ má fipá ya ọmọ lára ìyá. Èyí tó bá rọ̀, ẹ dà á nù.

Ibi tá à ń kó o sí dìgbà tá a máa tún un gbìn lóṣù kẹsàn-án ló ń bà mí lẹ́rù. Àpò àwọ̀n tí wọ́n fi ta àlùbọ́sà fún wa ló sábà máa ń wà nítòsí, la bá rọ ọ́ síbẹ̀, ó di ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ sára àpò, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Lóòótọ́, daffodil kì í rùn bí àlùbọ́sà, àmọ́ imú ẹni tó ti gé àlùbọ́sà mẹ́wàá ò mọ ìyàtọ̀ mọ́.

Tẹ́nì kan bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ẹ má fipá mú un bì. Ẹ pe 111. Tí kò bá lè mí dáadáa tàbí tó dákú, 999 ni. Kẹ́ ẹ sì mú ìyókù iṣu náà dání, kí dókítà lè rí i.