Edé Àlejò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ mọ edé. Ó wà nínú àwo àwọn ìyá wa ní ọjà Bassila, gbígbẹ, tí a ń fi se ọbẹ̀. Òkun kò sí ní Bassila. Láti ìhà Kútọnu ni ọkọ̀ ti ń gbé edé wá.

Edé kan wà tó tóbi ju tiwa lọ. Ó lè gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, bí rúlà olùkọ́ yín. Edé ẹkùn ni wọ́n ń pè é, nítorí ìlà dúdú wà lára rẹ̀ bí ti ẹkùn ilẹ̀ Éṣíà. (Ẹkùn tiwa kò ní ìlà, tótòtó ni ara rẹ̀.)

Edé yìí kì í ṣe ọmọ òkun wa. Òkun Íńdíà àti etíkun Éṣíà ni ilé rẹ̀. Àwọn ènìyàn kó o wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti sìn ín nínú adágún àtọwọ́dá. Àwọn kan sá bọ́ sínú òkun. Nísinsìnyí, àwọn apẹja ń rí i láti Senegal títí dé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù.

Báwo ni ó ṣe ń pọ̀ sí i? Ní òru, abo rẹ̀ á yé ẹyin sínú òkun. Ẹyin náà lè ju 500,000 lọ! Kí ilẹ̀ tó tún ṣú, ẹyin ti pa. Ọmọ rẹ̀ kéré jọjọ, kò sì jọ edé rárá. Omi ni ó ń gbé e kiri. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti jọ ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni ó ń wọ inú ọ̀sà, ó ń sá pamọ́ sáàárín gbòǹgbò igi, ó ń jẹun.

Edé kò ní egungun. Èèpo líle ni ó wọ̀, èèpo náà kì í sì í dàgbà. Aṣọ tí ẹ wọ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ṣé ó ṣì gbà yín? Bẹ́ẹ̀ ni ti edé. Bí èèpo bá fún un, á bọ́ ọ sílẹ̀. Èèpo tuntun á kọ́kọ́ rọ̀, edé á sì fara pamọ́ kí ẹja má baà gbé e mì. Bí ó bá dàgbà tán, á padà sí òkun láti yé ẹyin tirẹ̀.

Ọ̀nà yìí kan náà ni edé tiwa ń tọ̀: òkun, ọ̀sà, òkun. Nítorí náà, àwọn méjèèjì ń jẹun ní ibì kan náà, àlejò sì ń pa àwọn edé kéékèèké jẹ. Inú apẹja ń dùn bí ó bá mú un, torí owó ńlá ni. Ṣùgbọ́n edé kékeré ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ní etí ọ̀sà Nokoué. Ní ọ̀sà náà, àwọn kan tún ń lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́, bí àwọ̀n ẹ̀fọn. Ọmọ edé ni ó ń kó. Edé tí kò bá padà dé òkun kò ní yé ẹyin.

Ìbéèrè: Níbo ni edé ti ń yé ẹyin? Níbo ni ó ti ń dàgbà? Kí ló dé tí ó fi ń bọ́ èèpo rẹ̀? Ya edé kan sínú ìwé rẹ, kí o sì fún un ní ẹsẹ̀ 10 tó fi ń rìn.