Ẹ Wọn Aṣọ Kí Ẹ Tó Yàwòrán

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni a ó kọ́ lónìí.

A mọ ìyá kan tí kò wọn aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ó ya àwòrán dé ìdí aṣọ, àyè kò tó mọ́. Oníbàárà kọ aṣọ náà. Owó aṣọ, owó aró, gbogbo rẹ̀ wọgbó.

Báyìí ni kí ẹ ṣe:

1. Ẹ rán aṣọ funfun méjì pọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì 2½.

2. Ẹ pín in sí ilé onígun mẹ́rin tí ó dọ́gba. Ẹ kọ iye ilé náà sínú ìwé yín.

3. Ẹ po làfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ fi ìyẹ́ adìyẹ ya àwòrán sí ojú kan aṣọ.

4. Bí ó bá gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú aró, ẹ sá a. Ẹ ṣe é léraléra títí yóò fi dú dáadáa.

5. Ẹ ha ẹ̀kọ náà kúrò. Ibi tí ẹ̀kọ wà kò ní mu aró.

Ẹ wo Ìbàdàndùn: àwọn òpó ilé Mápó tò létòlétò lára rẹ̀. Ìwọ̀n ló mú un rẹwà.

Ìwé tí ẹ kọ́ kì í ṣe fún lẹ́tà nìkan; ó wúlò nídìí aró pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Kí ni a ó ṣe kí a tó mú ìyẹ́?